Oṣù Kẹwàá tí Imú Mi Tún Gbọ́ Òórùn

A tún ti bọ́ sínú oṣù kẹwàá, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní Ọ̀wàrà, tí àwa tí wọ́n fi Faransé kọ́ ń pè ní octobre. Ní agbègbè wa, láti Àjàṣẹ́ dé Pobè, láti Pobè dé Kétu, oṣù yìí ni òjò ẹlẹ́ẹ̀kejì máa ń múra àtilọ. Ó lè rọ̀ lọ́sàn-án kí gbogbo ọ̀nà kún fún omi, kí oòrùn sì tún yọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní òwúrọ̀, ìrì á rin ènìyàn lẹ́sẹ̀ dé orúnkún.

Mo ti ṣèlérí fún yín pé ọ̀rọ̀ àna àti ìyàwó ilé ni n ó mú wá lóṣù yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi jì mí. Ohun mìíràn ló gbà mí lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ imú ni.

Ẹ wo bí èdè wa ti rí. A ń gbọ́ ìró agogo, a ń gbọ́ ọ̀rọ̀, a ń gbọ́ èdè, a sì ń gbọ́ òórùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Faransé kò ṣe bẹ́ẹ̀: ti etí lọ́tọ̀, ti imú lọ́tọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, mo kọ ọ́ sínú iṣẹ́ mi pé mo gbọ́ òórùn kan pẹ̀lú etí Faransé, j'entends une odeur. Olùkọ́ wa kà á sókè, gbogbo kíláàsì sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí di Kérésìmesì. Mo tọrọ àforíjì, mo tún un kọ. Lónìí, n kò rò pé mo ṣì í wí tó bẹ́ẹ̀. Òórùn a máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ mọ́ di adití sí apá kan ayé, bí èmi ti dà fún oṣù mẹ́rìnlá.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí oṣù yìí ń kó wá fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òjò. Nígbà tí ẹ̀kán àkọ́kọ́ bá já lu ilẹ̀ pupa wa tí oòrùn ti yan láàárọ̀, kò sí ẹni tí kò mọ òórùn tí ń dìde. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì ní Ọsirélíà fún un ní orúkọ ní ọdún 1964, wọ́n pè é ní petrichor, wọ́n mú un láti inú èdè Gíríìkì, láti ara òkúta àti ẹ̀jẹ̀ àwọn òrìṣà wọn àtijọ́. Apá kan rẹ̀ ti ara òróró ewéko tí ó ti wọ inú ilẹ̀ nígbà ọ̀dá wá. Apá kejì, èyí tí ó ń rùn bí erùpẹ̀ oko gan-an, àwọn ohun abẹ̀mí tín-tìn-tín tí ń gbé inú ilẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí, ni wọ́n ń ṣe é. Imú ènìyàn mọ̀ ọ́n lára ju bí ẹ ti rò lọ: ìwọ̀n rẹ̀ tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí òṣùwọ̀n ọjà kankan kò lè wọ̀n ọ́n ti tó fún imú láti sọ pé òjò ti dé.

Lẹ́yìn òjò, iṣu. Àwọn ọkọ̀ tó ń ti ọ̀nà Ṣábẹ bọ̀ ń já iṣu Láàbọ̀kọ̀ sílẹ̀ ní àwọn ọjà wa, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀ ju ti oṣù kẹjọ lọ. Ẹ mọ ooru tí ń jáde nígbà tí ìyálé bá ṣí ìkòkò iṣu, kí ó tó kó o sínú odó. N kò mọ ẹni tí yóò ṣe àpèjúwe òórùn yẹn. Kò dà bí ohunkóhun, iṣu ni. Ọsàn tún ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀: èèpo rẹ̀ ṣì tutù, bí ẹ bá sì fi ọ̀bẹ bó o, omi rẹ̀ á ta sí yín lọ́wọ́, ẹ ó sì máa gbé òórùn rẹ̀ káàkiri títí di alẹ́. Àwọn ọmọ ń wa ìrẹ̀ nínú ihò, wọ́n ń sun ún lórí ẹ̀yinná, ọ̀rá rẹ̀ ń dún ṣíọ̀ nínú iná. Àwọn ìyá tó ń bínú nítorí aṣọ ilé-ìwé tó kún fún iyẹ̀pẹ̀, àwọn náà ti wa ìrẹ̀ rí.

Ohun kan kù, èyí tí ó jẹ mọ́ ìtàn mi: òórùn ìwé tuntun tí àwọn ọmọ ń pè ní kayé. Ní ìgbà tiwa, oṣù kẹwàá ni ilé-ìwé máa ń wọlé. Nísinsìnyí oṣù kẹsàn-án ni, ṣùgbọ́n ẹ mọ ilé wa, owó kì í pé lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà a ṣì ń ra kayé kù-kù-kù wọ inú oṣù kẹwàá.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun kan níbí. Wọ́n kọ́ mi láti fura sí gbogbo ohun tí mo sọ wọ̀nyí. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó tọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ náà máa ń sọ pé ojú, etí, imú, ẹnu àti ọwọ́ jẹ́ ilẹ̀kùn márùn-ún, pé olè lè gba èyíkéyìí wọlé. Kò parọ́. Ó máa ń ka Augustin Mímọ́ fún wa, ẹni tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ní Hippo, ní ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí, ní ibi tí à ń pè ní Àlùjéríà lónìí. Nínú apá kẹwàá ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀, Augustin yẹ ara rẹ̀ wò lórí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan, lórí oúnjẹ, lórí orin, lórí ohun tí ojú ń rí. Èmi gbé apá tí ó le níbẹ̀, mo fi ìyókù sílẹ̀. Mo ń yára jẹun. Mo kà á sí ìwà àgbà kí ènìyàn má ṣe dá sí adùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu mi máa ń tú àṣírí: n kò lè jẹ ọbẹ̀ ìyàwó mi kí n má sọ pé ó dùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ilé-ìwé 2020, mo kó kayé wálé fún ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje nígbà náà. Ó ṣí ọ̀kan ní àárín, ó ki imú bọ̀ ọ́, ó dijú. Mo ní, "Kí lò ń ṣe yẹn? Ṣé ajá ni ọ́ ni?" Ó pa ìwé náà dé, ó gbé e sẹ́yìn. Mo padà sí iṣẹ́ mi. N kò rántí rẹ̀ mọ́ títí ọdún fi yí po.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, nígbà tí àrùn Kòrónà tún gbérí ní orílẹ̀-èdè wa, ibà mú mi fún ọjọ́ mẹ́rin, pẹ̀lú orí fífọ́ àti ikọ́ díẹ̀. Mo dìde, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ní ọjọ́ kejì tí mo dìde, ìyàwó mi gbé ẹ̀kọ àti àkàrà síwájú mi. Ó dà bí ẹni pé mo ń jẹ òwú tí a rì bọ omi. Iyọ̀ wà níbẹ̀, ata ń ta mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n àkàrà kò sí níbẹ̀.

Ahọ́n wa kò mọ púpọ̀, ẹ̀yin ará. Ó mọ iyọ̀, ó mọ adùn ṣúgà, ó mọ kíkan, ó mọ kíkorò, ó sì mọ adùn omi ẹran. Gbogbo ìyókù, ìyàtọ̀ láàárín ẹja àti adìẹ, láàárín irú àti ẹ̀gúsí, imú ló ń sọ ọ́, nítorí pé èémí oúnjẹ ń gba ẹ̀yìn ọ̀fun gòkè lọ bá a. Ẹ dán an wò nílé: ẹ di imú yín pa, ẹ ju ègé ọsàn kan sẹ́nu. Ẹ ó mọ̀ pé ó dùn, pé ó kan díẹ̀. Ẹ tú imú yín sílẹ̀, ìgbà náà ni ọsàn yóò tó dé. Ní òkè imú, níbi tí ìka kò lè dé, awọ kékeré kan wà tí ó ní oríṣi ohun agbòórùn bí 400. Linda Buck àti Richard Axel, àwọn ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1991, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004 nítorí rẹ̀. Àwọn dókítà wá rí i pé kì í ṣe àwọn agbòórùn gan-an ni Kòrónà máa ń kọ́kọ́ bá jà, bí kò ṣe àwọn tí ń tọ́jú wọn. Nígbà tí olùtọ́jú bá ṣubú, ẹni tí à ń tọ́jú náà dákẹ́.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ojú ló ń tì mí. Àrùn yìí ti pa ènìyàn, èmi ó wá jókòó máa ké nítorí òórùn ọbẹ̀? Ẹ̀kọ́ àtijọ́ náà sì ń sọ nínú mi pé kò burú, ilẹ̀kùn kan ti tì, olè kan dín. Oṣù kẹwàá ọdún 2021 wá, ó sì kọjá lọ. Òjò rọ̀, mo gbọ́ ọ lórí páànù, mo rí i lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún mi. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń ta ẹ̀sáǹsì kpayo sínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, òórùn tí ń mú orí ènìyàn yí, ó dà bí omi kànga.

Ní ilé, nǹkan ń bàjẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ ara wa ni mo ti ń yin ọbẹ̀ ìyàwó mi, mo wá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi irú kún irú. Ó ra ẹja gbígbẹ olówó ńlá. Ó pa adìẹ láìṣe ọjọ́ ọdún. Mo ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń san gbèsè, mo ń bu iyọ̀ lé e níṣojú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti sùn, ó jókòó tì mí, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Níbo lẹ ti ń jẹun kí ẹ tó wọlé?"

Ẹ̀yin ìyá tó ń ka èyí, ẹ mọ ohun tó ń bi mí. Mo ní kò sí ibì kankan, n kò sì ṣàlàyé. Ohun tí mo ṣe tí ó burú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ó gbà mí gbọ́ tàbí kò gbà mí gbọ́, n kò mọ̀, ṣùgbọ́n kò tún bi mí. Ó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó ń lọ jókòó síta. Láìpẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá kí wa, ó lo ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ń wò mí bí ẹni ń wo ẹlẹ́wọ̀n.

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ó lọ sí ọjà, ó fi èwà sórí iná, ó ní kí n máa bójú tó o. Ọmọ wa tó kéré jù ń sùn lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìdáná. Mo wà ní iyàrá ọ̀hún, mo ń múra ẹ̀kọ́ àwọn tí yóò ṣe ìrìbọmi ní Ọjọ́ Àjíǹde sílẹ̀. Ènìyàn tí imú rẹ̀ pé ì bá ti mọ̀ pé omi ti tán nínú ìkòkò, ì bá ti mọ̀ pé èwà ń jó, ì bá ti mọ̀ pé iná ti mú àpò èédú. Èmi ń kọ̀wé. Ìyá àgbà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló pariwo láti òdìkejì ọgbà, "Olùkọ́! Olùkọ́ o! Ilé yín ń jó, ẹ sì jókòó!"

Mo gbé ọmọ náà jáde nínú èéfín. Kò fara pa, ó ń wúkọ́ lásán. Àwọn aládùúgbò da omi sí iná, òrùlé nìkan ló bàjẹ́ díẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi padà dé, ó bá mi lórí ilẹ̀, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ọjọ́ àkàrà. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó sunkún, lẹ́yìn náà ó ní, "Àti gbogbo irú tí mo fi ṣòfò!"

Ní ilé ìwòsàn kan wọ́n ti sọ fún mi rí pé yóò lọ fúnra rẹ̀, kí n máa ní sùúrù. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni imú wọn là láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Tèmi kò là. Dókítà kan tí a wá bá lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé pé a lè kọ́ imú, bí a ti ń kọ́ ọmọ ní a, b, d. Thomas Hummel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dresden, ní ilẹ̀ Jámánì, ló kọ́kọ́ gbé ọ̀nà náà jáde ní ọdún 2009: òórùn mẹ́rin, òdòdó rose, ọsàn wẹ́wẹ́, kànáfùrù àti eucalyptus. Àárọ̀ àti alẹ́, fún ọ̀sẹ̀ 12 ó kéré tán. Kò nílò oògùn, ó nílò sùúrù. Àwọn ohun agbòórùn inú imú wà lára àwọn díẹ̀ nínú iṣan ara wa tí ń hù padà títí ayé ẹni.

Ọmọbìnrin mi ló gba iṣẹ́ náà. Ó fọ àwọn ìgò kékeré mẹ́rin. Ó fi èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ọ̀kan, kànáfùrù sínú èkejì, ó já ewé eucalyptus láti ọgbà ilé-ìwé sínú ẹ̀kẹta. Kò sí òdòdó rose lọ́dọ̀ wa. Mo bi í pé kí ni a ó fi ṣe ìkẹrin. Ó wọ iyàrá lọ, ó gbé kayé tuntun kan wá tí kò tíì kọ nǹkan sí. Kò sọ nǹkan kan, èmi náà kò sọ nǹkan kan. Ní àárọ̀ àti ní alẹ́, á ní kí n dijú, á ní, "Bàbá, ẹ rántí rẹ̀ ná, kí ẹ tó gbọ́ ọ."

Oṣù méjì kọjá, kò sí nǹkan. Ní ìparí oṣù kẹfà, kànáfùrù dé, bí agogo tí wọ́n ń lù ní abúlé kejì. Lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí n kò retí dé: òórùn ṣì ọ̀nà. Kọfí ń rùn bí kpayo, irú ń rùn bí rọ́bà tí a sun, mo sì ń sá fún ilé ìdáná. Ẹ má bẹ̀rù bí ó bá ṣe ẹnìkan nínú yín bẹ́ẹ̀. Dókítà ní ó sábà máa ń jẹ́ àmì pé imú ń jí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹwàá ọdún 2022, mo ń ti ìjọ kékeré kan bọ̀ lórí zémìjàn, ní ojú ọ̀nà Kétu. Òjò ká wa mọ́ ojú ọ̀nà, a dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tí ó dá, mo fa èémí, ilẹ̀ sì sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ pupa, ewé tútù, ìgbẹ́ ewúrẹ́ pàápàá. Mo dúró síbẹ̀ tí mo ń mí bí ẹni tó sáré. Ọmọkùnrin tó gbé mi ní, "Olùkọ́, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí, kó jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sí i. Ó ní owó ọ̀nà kò ní yí padà, ṣùgbọ́n kí n yára.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ń gún iyán. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ní, "Irú lo fi sí ọbẹ̀ yìí. Ẹja gbígbẹ sì wà níbẹ̀." Ó gbé ọmọ odó sílẹ̀. Ó ní kí n wá sún mọ́ ọn, kí n tún un sọ.

Láti ìgbà náà, mo ti padà ka Augustin, gbogbo rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Lórí òórùn, ohun tó sọ kò ju pé kì í yọ òun lẹ́nu púpọ̀. Lórí orin, ó jẹ́wọ́ pé òun sunkún nígbà tí òun gbọ́ orin ìjọ ní ìgbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run, kò sì kábàámọ̀ omijé náà. Bàbá tó tọ́ wa kò fi ibẹ̀ pamọ́ fún wa, èmi ni n kò tẹ́tí. Ọjọ́ kẹrin oṣù yìí jẹ́ ti François Mímọ́ ti Assise. Ní nǹkan bí ọdún 1225, nígbà tí ó ṣe orin ìyìn rẹ̀ fún oòrùn àti omi àti iná, ojú rẹ̀ ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè fara da ìmọ́lẹ̀ oòrùn náà. Mo ti ń kọ́ni ní ìtàn yẹn fún ogún ọdún, n kò sì ríran rí i títí oṣù kẹwàá ọjọ́sí.

Ẹ bá mi wo àwọn àgbà ilé yín. Imú ń rẹ̀ bí ojú ti ń rẹ̀. Bí ìyá àgbà bá ń sọ pé ọbẹ̀ kò dùn mọ́, tàbí tí ó ń jẹ oúnjẹ tó ti kan láìmọ̀, ẹ má ṣe bá a jà. Ẹ máa bá a gbóòórùn ìkòkò kí ó tó jẹ ẹ́, ẹ sì máa yẹ ìgò gáàsì wò fún un. Ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí, kí ó sọ fún ará ilé rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn Rósárì alẹ́, tí òórùn àbẹ́là ṣì wà lára aṣọ wa, ọmọbìnrin mi ní olùkọ́ òun ti ní kí òun mú kayé kan sí i wá. A yà ní ìsọ̀, a rà á. Kí ó tó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ó ṣí i ní àárín, ó nà án sí mi. Mo ki imú bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ó gbà á, òun náà ki imú bọ̀ ọ́, a sì ń lọ sílé nínú ẹrẹ̀.